Ewúrẹ́ Onítáì, Dókítà Ń Pè Yín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, kó fọkàn rẹ̀ lọ sí yàrá ìdúródè ilé ìwòsàn kan báyìí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo àga ti kún, tí àwọn tí kò ríbi jókòó sì fara ti ògiri. Akọ̀wé ilé ìwòsàn náà, géńdé ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, wo ojú kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n gbé fún un lọ́jọ́ Ẹtì, ó wo àwọn èrò, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó wá gbóhùn sókè.

"Ewúrẹ́ Onítáì. Ewúrẹ́ Onítáì, dókítà ń pè yín o."

Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá kan tó ń tòògbé la ojú kan. Akọ̀wé dúró díẹ̀, ó fi àmì sí i pé ẹni yẹn kò sí níkàlẹ̀, ó bá pe ẹni tó kàn, Ìgbín Asáré. Ìyẹn náà ò dáhùn. Kó tó dé orí Adìyẹ Awakọ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo yàrá, obìnrin kan tí inú rírun gbé wá sì di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun, kó má pa òun.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Bí bàbá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ nìyẹn: ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni kó pè, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni kó sì pè é. A ṣì máa dé orí bàbá yẹn.

Akọ̀wé gbé fóònù, ó pe ọ́fíìsì àwọn tó kọ ètò orí kọ̀ǹpútà náà fún wọn. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé e níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Asọmọlórúkọ. Òun gan-an ló kọ ètò ilé ìwòsàn, òun ló sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà Akọ̀wé. Búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń pè. Ewúrẹ́ Onítáì ò wá o."

Búrẹ́dì dúró sí ọ̀nà ọ̀fun. "Ẹ... ṣé ẹ pè é ni?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Síta?"

"Létí gbogbo èrò. Ìgbín Asáré náà ò wá, àmọ́ ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ó lè ṣì wà lọ́nà."

Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun bẹ̀bẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà kò jẹ́ kó mọ èyí tó yẹ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pe ẹnikẹ́ni mọ́," ló sọ. "Mo ń bọ̀."

Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi dé, òógùn bò ó, báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ so rọ̀ léjìká kan. Ó bẹ Akọ̀wé, ó bẹ nọ́ọ̀sì, ó bẹ obìnrin oní-inú-rírun tó ní kò sí wàhálà, pé inú òun tilẹ̀ ti ń rọ̀. Ó wá jókòó sídìí tábìlì Akọ̀wé, ó ń yọ àwọn aláìsàn tí kò sí náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ta ló sọ wọ́n lórúkọ?"

"Ẹ̀rọ ni sà. Èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Ó ṣí i hàn án. Kì í ṣe ohun tó ní àwọ̀ mèremère. Ojú dúdú kan báyìí ló ṣí sórí kọ̀ǹpútà, kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí ohun kan tí èèyàn lè nàka sí. Ọ̀rọ̀ nìkan ni èèyàn ń bá a sọ. Ó tẹ "sọlórúkọ" síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì kan, lẹ́tà funfun bá yọ lábẹ́ rẹ̀: Alángbá Adájọ́.

"Inú àkójọ méjì ló ti ń mú un," ló ṣàlàyé. "Ẹranko wà nínú ọ̀kan, iṣẹ́ àti aṣọ àti ìwà wà nínú ìkejì. Ó kàn ń so wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Gbogbo àwa tí à ń kọ ètò ní ọ́fíìsì wa ló ń lò ó. Iṣẹ́ tí kò bá tíì lórúkọ, aláìsàn àfidípò tí a fi ń dán nǹkan wò, òun ló ń bá wa sọ wọ́n lórúkọ títí tí ti gidi á fi dé. Ó yẹ kí n ti kó wọn kúrò kí n tó lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbàgbé."

Akọ̀wé wo Alángbá Adájọ́ títí. "Gbogbo ẹjọ́ ni ìyẹn máa dá láre," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ohun tí wọ́n bá ti wí, á mi orí sí i."

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu ọ̀dọ́bìnrin náà pọ̀ débi pé nọ́ọ̀sì yọjú láti ojú fèrèsé. Ìgbà yẹn ló rí i pé igun ẹnu Akọ̀wé ti gbéra díẹ̀, pé ọkùnrin yìí ti ń fi í ṣeré láti orí fóònù, tí òun ò sì mọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò fi orúkọ èèyàn sí i?" ni Akọ̀wé tún bi í. "Orúkọ tó mọ́gbọ́n dání."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. "Ó nídìí," ló dáhùn. Kò sọ ìdí náà, ìyẹn náà kò sì tẹ̀ ẹ́ nínú.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. "Akọ̀wé ilé ìwòsàn ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ tèmi lónìí?"

Ó ti yẹ kó bínú, torí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó jáde sí Àkùkọ Aláwò. Akọ̀wé dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ní ọjọ́ kẹta ó tún pè. Báyìí ló ṣe di pé aago mẹ́jọ kì í lù kí fóònù má dún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa wo ara wọn láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wọn. Ọjọ́ tí fóònù pẹ́ dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Asọmọlórúkọ rí i pé òun ti ka ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò sì yé òun. Ó bá ara rẹ̀ wí. Kí ni òun ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí kò ju kó béèrè orúkọ lọ? Bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ti ń wọlé sí i lára, kò kan fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, "ẹ" di "o" láàárín wọn. Orí fóònù di ìjókòó orí àga gígùn tó wà níwájú ilé ìwòsàn nígbà tí àwọn méjèèjì bá ṣíwọ́. Akọ̀wé sọ fún un pé bàbá òun nìkan ló tọ́ òun láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, pé ó ń lọ aṣọ ilé ìwé òun fúnra rẹ̀, pé àǹtí òun tó jẹ́ onídìrí ló ń wá bá wọn rẹ́rìn-ín nínú ilé. Asọmọlórúkọ náà sọ nípa ìyá tirẹ̀, tó gbà pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ká máa tún rédíò ṣe. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń sọ. Ohun kan péré wà tó jẹ́ pé bó bá dé ètè Asọmọlórúkọ, á gbé e mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ láti ọ́fíìsì, ó bá Akọ̀wé lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú agboòrùn, bàtà rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Mo ti kà á," ni Akọ̀wé wí. "Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta lo ti sọ mí. Mo ti jẹ́ àkùkọ, mo ti jẹ́ ehoro, ní ọjọ́rú tó kọjá mo jẹ́ Ọ̀pọ̀lọ́ Oníjó. Ó ti sú mi. Èyí tí kò ní í yí padà ni mo fẹ́ máa jẹ́."

"Èwo nìyẹn?"

"Ọkọ rẹ."

Ó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ níbẹ̀ yẹn, kó tó fèsì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òjò ń rọ̀, bàtà ọkùnrin náà ti tutù, inú rẹ̀ sì dùn jù. Ó ní, "Ó dáa, jẹ́ ẹ," ó wọ abẹ́ agboòrùn.

Ìyá tirẹ̀ kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni bóyá ọkùnrin náà máa ń gbọ́ tí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ó ku bàbá Akọ̀wé.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi wà nídìí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun àti òkú sí, títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Bàbá Rẹ́jísítà. Lọ́sàn-án Sátidé tí Akọ̀wé mú Asọmọlórúkọ wá, Bàbá ti gbá ilé, ó ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ọmọbìnrin náà kò tíì jókòó dáadáa tí Bàbá fi mú ìwé kékeré kan jáde, ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Wò ó wò, ọmọ mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn bàbá náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n mu tíì, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ti eékún Bàbá tó ń ro ó. Ìdùnnú wá gun Akọ̀wé, ó ní kí òun sọ bí àwọn ṣe pàdé. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó tilẹ̀ dìde láti fi bí òun ṣe pe Ewúrẹ́ Onítáì hàn.

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. "Nílé ìwòsàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sínú ìwé ilé ìwòsàn. Ẹ wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

"Àṣìṣe mi ni sà," ni Asọmọlórúkọ wí. "Mo ti yọ ọ́ kúrò."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ pé àwọn máa yọ ọ́." Bàbá pa ìwé kékeré náà dé. "Ẹ máa mu tíì yín. Orí ń fọ́ mi." Ó wọ yàrá, kò sì jáde mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ní ọjọ́ kejì ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ láìfi igbe sí i. Òun ò kórìíra ọmọbìnrin náà. Ṣùgbọ́n òun ò ní í bá ẹni tó ń fi orúkọ ṣeré fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó, òun ò sì ní í wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé sọ ọ́ fún Asọmọlórúkọ lórí àga gígùn yẹn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Òun nìkan ni mo ní. Mi ò lè gbéyàwó kí bàbá mi jókòó sílé."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì fẹ́ ẹlòmíì."

"Mo mọ ìyẹn náà," ló wí, ó sì yáa gbé báàgì rẹ̀ kó má baà sunkún lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni aago mẹ́jọ fi ń lù tí fóònù kò dún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àǹtí Akọ̀wé, onídìrí, àbúrò Bàbá Rẹ́jísítà, ránṣẹ́ pe Asọmọlórúkọ pé kó wá kí òun ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Nígbà tó dé, Àǹtí kò kí i ju ẹyọ kan lọ. Ó wo orí rẹ̀, ó fa àga.

"Jókòó. Irú irun wo nìyí? Tí ọkọ bá ń lọ, ṣé irun náà gbọ́dọ̀ bá a lọ ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ìgbà tó ti tú apá kan tán ló tó la ẹnu.

"Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí."

Asọmọlórúkọ gbé orí sókè. Akọ̀wé kò sọ ju àwọn méjì lọ fún un rí.

"Gbé orí ẹ sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò mọ̀. Obìnrin ni ìkẹta wa, ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ mẹ́rìnlá, èmi mẹ́sàn-án. Ibà kọ lù ú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì wà nílé ẹ̀kọ́, tí ìyá wa rìnrìn àjò. Aládùúgbò kan ló sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò mọ orúkọ ẹ̀, ọmọ aránṣọ ló ń pè é. Ẹni tó wà nídìí ìwé ní òun ò lè fi ààyè orúkọ sílẹ̀ lófìfo. Ó bá kọ orúkọ ọmọbìnrin kan síbẹ̀, orúkọ tó wọ́pọ̀, pé tí ẹbí ẹ̀ bá dé, òun á tún un ṣe. Nígbà tó ṣe díẹ̀, òun náà ṣíwọ́, ó lọ sílé."

Kóòmù ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi sáré dé ibẹ̀. Orúkọ ọmọ náà gan-an ló ń dá fún wọn. Wọ́n wo ìwé, wọ́n ní kò sí. Àṣé wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀ ló sì bá a lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn. Ọjọ́ karùn-ún ló tó rí i. Ó ti kú lọ́jọ́ kẹta. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ọmọ náà kì í dáhùn táwọn bá pè é. Wọ́n ní àwọn rò pé etí ẹ̀ ló ti di."

Omi ojú Asọmọlórúkọ ń kán sórí aṣọ tí Àǹtí so mọ́ ọn lọ́rùn.

"Nítorí náà ló fi lọ jókòó sídìí ìwé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni Àǹtí wí. "Ìyẹn ló rí nígbà tí ẹ ń rẹ́rìn-ín Ewúrẹ́ Onítáì."

"Àǹtí, kí ni kí n ṣe?"

"Èmi ò mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú ẹ dé iwájú ẹ̀, mo sì máa ṣe ìyẹn. Ohun tó o máa sọ tó o bá débẹ̀, tìẹ nìyẹn. Yí ojú sápá ọ̀hún."

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, ó ṣí ojú dúdú yẹn. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tó máa pa ẹ̀rọ náà rẹ́ pátápátá, àkójọ ẹranko àti àkójọ iṣẹ́, ó wá gbé ìka lé orí bọ́tìnnì. Kí ni òun ń fi í ṣe tí kò bá jẹ́ kí òun fẹ́ ẹni tí òun fẹ́? Bí òun bá pa á rẹ́, òun á lè lọ sọ fún Bàbá pé kò sí mọ́, bóyá ìbínú rẹ̀ á rọlẹ̀, aago mẹ́jọ á sì tún máa dún. Ìka rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ́. Àmọ́ ìdí tó fi kọ́ ọ kò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, ìdí tó gbé mì lójoojúmọ́ yẹn. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé bàbá yẹn nìkan ni ìdí náà máa yé. Ọkàn kan náà sọ fún un pé bàbá yẹn náà ló máa lé e jáde tó bá gbọ́ ọ. Ó nu ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ kúrò, ó pe Àǹtí lórí fóònù pé òun ti ṣe tán.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Bàbá Rẹ́jísítà jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ pẹ́ńsù tí kò nílò gbígbẹ́. Àǹtí jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Akọ̀wé dúró ní tòsí fèrèsé. Asọmọlórúkọ kúnlẹ̀ kí Bàbá. Nígbà tí wọ́n ní kó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyíká.

"Mo ti gbọ́ nípa àbúrò yín kékeré, sà."

Bàbá wo àbúrò rẹ̀. Àǹtí wo àjà. Akọ̀wé béèrè pé àbúrò wo, Àǹtí ní èyí tó kú ní kékeré ni, kó dúró gbọ́.

"Mo bá yín kẹ́dùn. Mi ò wá sọ pé àṣìṣe mi kéré sí èyí tí wọ́n ṣe sí i. Ohun tí mo wá sọ le jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Kí n tó dé ibi tí mo wà báyìí, mo ti ṣiṣẹ́ níbòmíì. Ilé ìwòsàn kan la ń kọ ètò fún. Nígbà yẹn, orúkọ bíi ti èèyàn gidi la máa ń kó síbẹ̀ fi dán an wò, èyí tó bá ṣáà ti wá sí wa lẹ́nu. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n ní kí n yọ àwọn àfidípò kúrò. Wọ́n ti dàpọ̀ mọ́ àwọn aláìsàn. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yọ mọ́kànlá. Mẹ́wàá nínú wọn ni kì í ṣe èèyàn."

Ọ̀bẹ dúró lára pẹ́ńsù.

"Ìkọkànlá jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó ń gba ìtọ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dé, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ó padà wá, wọ́n ní kò sí lórí ẹ̀rọ. Ó sunkún níwájú tábìlì, wọ́n ní kó lọ mú ìwé wá."

"Ọjọ́ mélòó?" Ohùn Bàbá le bíi ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta, sà."

"Ṣé ó yè?"

"Ó yè, sà. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò padà sí bó ṣe wà. Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dárí jì mí, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo jókòó kọ ẹ̀rọ yìí. Mo ní láti ìgbà yẹn lọ, ẹni tí kò sí, kó máa jẹ́ orúkọ tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i máa mọ̀ pé kò sí."

"Kí ni orúkọ obìnrin náà?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Orúkọ àbísọ, orúkọ ọkọ, láìdúró láti rò ó. Bàbá mi orí sí i.

"Ta ló máa sọ fún mi ká ní o dákẹ́?"

"Kò sí, sà. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mi ṣe rí. Mi ò lè wọ ilé tí wọ́n ti ń béèrè bẹ́ẹ̀ kí n wá máa fi èyí pamọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n máa lọ, màá lọ."

Akọ̀wé ti kúrò nídìí fèrèsé. "O ò sọ ọ́ fún mi rí."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé tó o bá gbọ́, wàá máa wò mí bí mo ṣe ń wo ara mi."

Akọ̀wé wò ó, gbogbo wọn sì rí bó ṣe wò ó. Ó wá jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká kan tirẹ̀. Ọkàn ọmọbìnrin náà sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò yẹn.

Bàbá fi pẹ́ńsù sílẹ̀. "Gbé ẹ̀rọ yẹn wá."

Asọmọlórúkọ ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ojú dúdú yẹn sì là. Bàbá wọ awò rẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Ká sọ pé ìwọ lo wà nídìí ìwé lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé ọmọ kan dé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọmọ aránṣọ. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Ṣe bó o ṣe máa ṣe."

Asọmọlórúkọ tẹ "sọlórúkọ", ó tẹ bọ́tìnnì, ó ń gbàdúrà nínú pé kó má jẹ́ èyí tó máa bí Bàbá nínú. Ó yọ: Pẹ́pẹ́yẹ Agbẹjọ́rò.

Bàbá kà á síta bó ṣe máa ń ka orúkọ ní ọ́fíìsì rẹ̀, ketekete. Ó tún un kà.

"Ká ní èyí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀," ló wí, "kò sí nọ́ọ̀sì tó máa kà á tí kò ní í béèrè pé ọmọ ta nìyí. Ọ̀rọ̀ náà á kárí ilé ìwòsàn méjèèjì. Nígbà tí mo bá dé tí mo ní mò ń wá ọmọ kan, wọ́n á ní, àbí Pẹ́pẹ́yẹ Agbẹjọ́rò ni." Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Èyí tí wọ́n kọ fún un lọ́jọ́ yẹn ti dáa jù. Ó jọ orúkọ. Ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi béèrè."

Ẹ̀rín mú un, ó ń rẹ́rìn-ín pé pẹ́pẹ́yẹ, pẹ́pẹ́yẹ lásán-làsàn, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí na táwẹ̀lì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i, òun náà fi etí kan táwẹ̀lì náà nu ojú tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò rí i kó sunkún rí, kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Ó wá gbé e lé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tó rọlẹ̀, Bàbá ṣí àpótí tábìlì, ó mú ìwé kékeré ọjọ́sí jáde, ó wá ojú ìwé náà. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò fà á ya, kò fa igi lé e.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Orúkọ ọkọ ló kù, mo fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ní kí wọ́n ṣe kíá, àwọn mìíràn ń dúró lẹ́yìn. Bàbá Rẹ́jísítà ní kó mú sùúrù. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bírò, ó sì ní kí wọ́n tún ojú ìwé kan tẹ̀ torí àmì kan kò hàn. Àǹtí ní kí àwọn èrò ẹ̀yìn jókòó, pé àwọn ṣì wà níbẹ̀ dọ̀la.

Ọdún kan ò tíì pé lẹ́yìn náà nígbà tí fóònù dún lórí tábìlì Asọmọlórúkọ láago mẹ́jọ òwúrọ̀. Ó gbé e, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọkọ òun ló fẹ́ gba orúkọ tòní. Bàbá ni.

"Ìyàwó wa. Ọkọ rẹ ní wọ́n máa ṣí ìwé fún ọmọ inú rẹ nílé ìwòsàn lónìí. Ó ní ààyè orúkọ wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní a lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Má fi í sílẹ̀. Tó o bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíì á bá wa kọ nǹkan síbẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ yẹn wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yọ Àdàbà Aláàánú. Ó kà á fún Bàbá.

Bàbá ronú sí i. "Rárá o. Ìyẹn ti rẹwà jù. Tẹ òmíràn."

Ó tún un tẹ̀. "Àgùntàn Awakọ̀-Òfurufú, sà."

Ó gbọ́ tí bírò ń ha ìwé ní ìpẹ̀kun fóònù náà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo.

"Òun gan-an," ni Bàbá wí. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tí a máa rántí pààrọ̀ ni mo fẹ́."